Níbo ni Tolkien ti rí àwọn òkè inú ìtàn rẹ̀, àwọn ìwé wo ni òun fúnra rẹ̀ sì máa ń padà sí?

Òǹkàwé Mọ́kọlá béèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ń jíròrò ìwé níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka The Lord of the Rings, ìwé ìtàn J. R. R. Tolkien, tán lẹ́ẹ̀kejì ni, ohun tí ó sì gbà mí lọ́kàn lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ogun tàbí òrùka náà, àwọn òkè ni. Mo fara balẹ̀ ka gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣàpèjúwe ilẹ̀, mo sì rí i pé ọkùnrin yìí mọ ohun tí ó ń sọ. Bí òjò dídì ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn èrò, bí èémí ṣe ń já lẹ́nu ẹni tí ó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn gun òkè, bí òkúta ṣe ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ lórí ọ̀nà tóóró tí ọ̀gbun wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti bí ọkàn ṣe ń fà padà síbẹ̀ láìka gbogbo ìnira náà sí, ó kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bilbo, ọ̀kan nínú àwọn akọni inú ìtàn náà, tí ó ti darúgbó, tí ilé rẹ̀ tù ú lára, tí kò sì ṣe aláìní ohunkóhun, ohun tí ó ń wù ú kí ayé rẹ̀ tó parí ni kí ó tún fi ojú rí òkè.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé olùkọ́ yunifásítì ni Tolkien, Oxford ni ó sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, níbi tí kò sí òkè gíga kankan nítòsí. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé inú ìrìn-àjò kan ṣoṣo tí ó lọ nígbà èwe rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tún fi kún un pé ibẹ̀ ni ó ti ra káàdì alàwòrán kan tí àwòrán bàbá arúgbó wà lára rẹ̀, tí ó sì ti ara bàbá náà dá Gandalf, oṣó inú ìtàn náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ayé rẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó rí?

Ìbéèrè kejì: àwọn ìwé wo ni òun náà fẹ́ràn? Irú ìwé tí ènìyàn máa ń mú kúrò lórí pẹpẹ nígbà tí ara bá rẹ̀ ẹ́ tàbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ ni mò ń béèrè, ìwé àkàtúnkà tí ń tu ọkàn lára, kì í ṣe àwọn ìwé tí iṣẹ́ olùkọ́ sọ ọ́ di dandan fún un láti kà. Èmi ti sọ ìwé tirẹ̀ di irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì wù mí kí n mọ ibi tí òun náà ti ń rí ìtura tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ tí ó wà ní Bern dáhùn:

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ni ó gbé mi dé Swítísálándì, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi rìn díẹ̀ nínú ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà.

Ìgbà ooru ọdún 1911 ni ìrìn náà. Ọmọ ọdún 19 ni Tolkien. Ó ti parí ẹ̀kọ́ ní King Edward's School ní Birmingham, ó sì ń múra láti wọ Exeter College ní Oxford ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ọmọ òrukàn ni: bàbá rẹ̀ kú ní Bloemfontein ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1896, ìyá rẹ̀ sì kú ní ọdún 1904. Jane Neave, tí í ṣe àbúrò ìyá rẹ̀, wà nínú àwọn tí wọ́n ń lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Hilary tí í ṣe àbúrò Tolkien, àti ìdílé kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Brookes-Smith, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn mìíràn. Gbogbo wọn lápapọ̀ tó bí ènìyàn 12.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fiyè sí ni bí wọ́n ṣe rìn. Ní ìgbà náà, ọkọ̀ ojú irin ti wà lórí àwọn òkè yẹn: láti ọdún 1893 ni èyí tí ń gun Kleine Scheidegg ti ń ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń gbẹ́ inú òkè Eiger lọ láti gbé ojú irin dé Jungfraujoch, ibùdókọ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1912, ìyẹn ọdún kan péré lẹ́yìn tí Tolkien kọjá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní owó lè jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa wo òkè láti ojú fèrèsé. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, wọ́n gbé ẹrù wúwo kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ń yàgò fún títì kí wọ́n lè gba àwọn ọ̀nà tóóró orí òkè. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń dáná. Àwọn ọkùnrin inú wọn a máa sùn sínú àká koríko tàbí ilé màlúù. Láti Interlaken ni wọ́n ti mú Lauterbrunnen pọ̀n, wọ́n gun òkè lọ sí Mürren, wọ́n dé ìparí àfonífojì Lauterbrunnen níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe òkìtì òkúta tí yìnyín kó jọ, wọ́n sì tún gba Kleine Scheidegg já sí Grindelwald. Lẹ́yìn náà ni Meiringen, ọ̀nà Grimsel, Brig, odò yìnyín Aletsch, àti níkẹyìn, Zermatt níbi tí òkè Matterhorn ti dá dúró bí eyín.

Ó kù díẹ̀ kí ó kú níbẹ̀. Amọ̀nà kan kó wọn lọ sí ẹ̀bá odò yìnyín Aletsch, wọ́n sì tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ọ̀nà tóóró tí ọ̀gbun wà ní apá kan rẹ̀, tí ìgòkè sì wà ní apá kejì. Ooru ọdún yẹn mú gan-an, ó ti yọ́ òjò dídì tí ó máa ń di àwọn òkúta orí òkè mú, bẹ́ẹ̀ ni òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yí lulẹ̀ lé wọn lórí, òmíràn nínú wọn tóbi gan-an. Olùkọ́bìnrin àgbàlagbà kan tí ó wà níwájú rẹ̀ ṣàdédé kígbe, ó sì fò síwájú, òkúta ńlá kan sì kọjá fìrì láàárín àwọn méjèèjì, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí orúnkún Tolkien. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tí ó bá wá kọ ìtàn ibi tí òkúta ti ń ṣubú lu àwọn èrò lórí òkè, o kò ní láti béèrè ibi tí ó ti rí i.

Inú lẹ́tà kan tí ó kọ sí ọmọ rẹ̀ Michael ní nǹkan bí ọdún 1967 sí 1968 ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń sọ yìí ti jáde. Ronú sí i: ó ti tó ọdún 56 tí ìrìn náà ti wáyé, síbẹ̀ ó ṣì ń dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ́ gbangba pé ìrìn Bilbo nínú ìwé rẹ̀ The Hobbit, láti àfonífojì Rivendell dé òdì kejì àwọn Òkè Olókùúkùu (Misty Mountains), títí kan ibi tí wọ́n ti fi òkúta wẹ́wẹ́ yọ̀ wálẹ̀ sínú igbó igi ahóyaya, inú ohun tí ojú òun rí ní ọdún 1911 ni òun ti mú un. Ó tún sọ pé ó dun òun gidigidi láti fi Jungfrau sílẹ̀, ó sì pe Silberhorn, ṣóńṣó funfun tí ó yọ lára Jungfrau, ní Silvertine inú àlá òun. Òun ni ó di Celebdil, ọ̀kan nínú àwọn òkè mẹ́ta tí Moria, ìlú abẹ́ ilẹ̀ inú ìtàn náà, wà ní abẹ́ wọn. Nítorí náà kì í ṣe àwa òǹkàwé ni a ń méfò lórí èyí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ.

Ní ti Lauterbrunnen, mo lè jẹ́rìí sí i. Àfonífojì jíjìn ni, ògiri àpáta dúró gbọnran ní ọ̀tún àti ní òsì, omi sì ń já wálẹ̀ láti orí àpáta níbi púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Staubbach ga tó nǹkan bíi mítà 300, omi rẹ̀ sì tín-ínrín débi pé afẹ́fẹ́ a máa fọ́n ọn ká kí ó tó kan ilẹ̀. Bí o bá fi àwòrán Rivendell tí Tolkien fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò àfonífojì yìí, ìwọ náà yóò rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Àwọn ìwé tí ó fẹ́ràn, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Bàbá Olùkọ́ Ìjẹ̀bú dáhùn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́ fún àlàyé tí ó kún tó bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé Mọ́kọlá, ọmọ mi, jẹ́ kí n gbé apá kejì ìbéèrè rẹ, nítorí pé mo ti ń ka àwọn ìwé tí Tolkien kà láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́.

Láti ìgbà ọmọdé ni kí a ti mú un. Andrew Lang, ará Scotland, ṣàkójọ ìtàn iwin láti oríṣiríṣi ilẹ̀ sínú àwọn ìwé tí ó fi àwọ̀ sọ lórúkọ, èyí tí ó pè ní The Red Fairy Book sì jáde ní ọdún 1890. Inú rẹ̀ ni ìtàn Sigurd wà, akọni ará Àríwá ayé tí ó pa dírágónì Fafnir. Kò sí ìtàn tí Tolkien ọmọdé fẹ́ràn tó o. Nígbà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n ní kí ó wá sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì St Andrews ní oṣù kẹta ọdún 1939, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi orúkọ Lang gan-an pè, ó sọ pé ọkàn òun fà sí dírágónì gidigidi nígbà èwe òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí wọ́n wà ní àdúgbò òun. Ìfẹ́ tí ó ní sí orí òkè kò yàtọ̀ sí èyí lójú mi: ẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé inú ilé kan náà.

Ẹni tí ó kàn ni George MacDonald, ará Scotland pẹ̀lú. Ìwé rẹ̀ The Princess and the Goblin, tí ó jáde ní ọdún 1872, sọ ìtàn ọmọ-ọba obìnrin kan tí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ òkè, àti Curdie, ọmọkùnrin awakùsà, tí ó gbọ́ bí àwọn iwin abìjà ṣe ń gbẹ́ ihò nínú òkè náà lóru. Bí o bá ti ka The Hobbit, o ti mọ àwọn iwin wọ̀nyẹn. Tolkien fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú lẹ́tà kan ní ọdún 1954 pé ara ti MacDonald ni àwọn ti òun ti wá, àfi ẹsẹ̀ wọn tí MacDonald sọ pé ó rọ̀, èyí tí òun kò gbà gbọ́ rí. Wo bí ọmọdé ṣe ń kàwé: ó gba gbogbo òkè náà àti gbogbo ihò inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ẹsẹ̀ rírọ̀.

Ìtàn MacDonald kò parí síbẹ̀, ìhín ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ó kan gbogbo àwa tí a ní ìwé àkàtúnkà. Ní nǹkan bí ọdún 1964, àwọn atẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà ní kí Tolkien kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìtàn MacDonald mìíràn, The Golden Key. Ó gbà, nítorí pé ó rántí ìwé náà sí rere. Nígbà tí ó tún un kà, kò dùn mọ́ ọn nínú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà síbẹ̀, ó sì fẹ́ fi ìtàn kékeré kan nípa alásè kan àti àkàrà òyìnbó tí ó ń ṣe fún àwọn ọmọdé ṣàlàyé ohun tí ayé àwọn iwin jẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn náà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó pa ọ̀rọ̀ ìṣáájú tì, ó sì di Smith of Wootton Major tí ó jáde ní ọdún 1967. Nínú gbogbo ohun tí ó kọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, inú ìjákulẹ̀ sí ìwé tí ó ti fẹ́ràn rí ni ó sì ti hù jáde. Bí ìwé ìgbà èwe rẹ bá ṣá lójú rẹ lọ́jọ́ kan, má ṣe tètè dì í mọ́ inú àpótí.

Ìwé kan wà tí gbogbo ilé rẹ̀ fẹ́ràn: The Marvellous Land of Snergs tí E. A. Wyke-Smith kọ ní ọdún 1927, nípa àwọn ènìyàn kúkurú tí wọ́n fẹ́ràn àsè. Tolkien kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun àti àwọn ọmọ òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sì sọ fún akéwì W. H. Auden ní ọdún 1955 pé ó ṣeé ṣe kí àwọn Hobbit, àwọn ènìyàn kúkurú inú ìtàn tirẹ̀, ti inú ìwé yìí wá láìjẹ́ pé òun mọ̀. Ó yẹ kí a dárúkọ William Morris, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà. Ní ọdún 1914, nígbà tí Exeter College fún Tolkien ní ẹ̀bùn pọ́n-ùn 5, ìwé ni ó fi rà, iṣẹ́ Morris sì pọ̀ nínú ohun tí ó rà, The House of the Wolfings jẹ́ ọ̀kan. Ó tún ka ìwé Rider Haggard, òǹkọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ó sì sọ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀ pé She, tí ó jáde ní ọdún 1887, jẹ́ ọ̀kan nínú ìwé tí ó gba òun lọ́kàn jù nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tí Haggard gbà kọ̀wé nípa àwa aláwọ̀ dúdú a máa bí ènìyàn nínú, ó sì ń bí èmi náà nínú.

Ohun tí ó lè yà ọ́ lẹ́nu ni èyí tí ó ń kà nígbà tí ó dàgbà. Kò sí dírágónì nínú rẹ̀. Ní ọdún 1967 ó sọ pé òun gbádùn ìtàn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti Isaac Asimov, àti pé àwọn ìwé Mary Renault ni ó mú òun lọ́kàn jù, pàápàá àwọn méjì tí ó dá lé Theseus, akọni ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, tí wọ́n jáde ní ọdún 1958 àti 1962. Renault ti kọ káàdì ìmọrírì sí i, Tolkien sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nínú gbogbo lẹ́tà tí àwọn olólùfẹ́ ìwé òun kọ sí òun, káàdì yẹn ni inú òun dùn sí jù. Gúúsù Áfíríkà ni obìnrin náà ń gbé, ilẹ̀ kan náà tí wọ́n ti bí Tolkien ní ọdún 1892.

Àkànní Glasgow dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ káàdì tí Òǹkàwé Mọ́kọlá mú wá, nítorí pé ó gbalẹ̀ gan-an, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé káàdì náà wà. Josef Madlener, ayàwòrán ará Jámánì, ni ó ya àwòrán ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Der Berggeist. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan jókòó sórí òkúta lábẹ́ igi, ó wọ agbádá gígùn, ó dé fìlà olétí gbòòrò, ọmọ àgbọ̀nrín funfun kan ń fi imú kan ọwọ́ rẹ̀, àwọn òkè sì wà lọ́ọ̀ọ́kán. Tolkien tọ́jú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára ìwé tí ó fi wé e pé ibẹ̀ ni Gandalf ti ṣẹ̀ wá. Humphrey Carpenter, tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ọdún 1977, sọ pé ìrìn ọdún 1911 ni ó ti rà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wádìí ọ̀dọ̀ ìdílé Madlener lẹ́yìn náà rí i pé lẹ́yìn ọdún 1925 ni wọ́n ya àwòrán náà. Kò sí bí Tolkien ṣe lè rà á ní ọdún 1911. Òkè wà nínú Gandalf lóòótọ́, nítorí pé àwòrán iwin orí òkè ni, àmọ́ kò wá láti inú ìrìn yẹn.

Mo sọ èyí nítorí pé ó kan ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí a bá fẹ́ fi ìrìn kan ṣoṣo ṣàlàyé gbogbo nǹkan, a óò máa kó ohun tí kò sí níbẹ̀ kún un. Tolkien ń bá a lọ láti máa rìn nígbà ayé rẹ̀, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1947 ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ C. S. Lewis, tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, àti Warnie, ẹ̀gbọ́n Lewis, lọ rìn ní àwọn òkè Malvern ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Warnie sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ pé Tolkien lè rìn látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kì í bá àwọn yára rìn, nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí ewéko àti kòkòrò. Àwọn Lewis fẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà kí wọ́n sì yára, òun fẹ́ mọ ewéko tí ó wà lójú ọ̀nà. Èmi rò pé ìhín ni àṣírí àwọn òkè rẹ̀ wà ju ibòmíràn lọ. Ẹni tí ó ń fara balẹ̀ wo ewéko ní Malvern nígbà tí ó di ẹni ọdún 55, báyìí náà ni yóò ti wo òkè Silberhorn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 19, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi lè rántí rẹ̀ títí di ọjọ́ ogbó.

Òǹkàwé Mọ́kọlá:

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá The Princess and the Goblin, ó sì dà bí ẹni pé òun ni n óò kọ́kọ́ kà, kí ti Renault tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè kékeré kan ṣẹ́ kù. Ibi iṣẹ́ mi yóò rán mi lọ sí Geneva ní ọdún tí ń bọ̀. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, n kò gun òkè gíga rí, àfi òkè Ìdànrè. Ǹjẹ́ apá kan wà nínú ọ̀nà yẹn tí irú mi lè rìn láìséwu, kí n sì fi ojú mi rí Silberhorn?

Ọmọ Ọdẹ Oǹdó dáhùn:

Kí Àbẹ̀kẹ́ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, nítorí pé mo ń dúró kí ẹnìkan dárúkọ Fágúnwà, mi ò sì tíì rí i.

Ní ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ọdún kan lẹ́yìn The Hobbit. Ní ọdún 1954 ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje jáde, ọdún kan náà tí apá kìíní The Lord of the Rings jáde. Òkè Lángbòdó ni àwọn ọdẹ ń lọ nínú ti àkọ́kọ́, Òkè Ìrònú ni wọ́n ń lọ nínú ti ìkejì. Kò sí ẹ̀rí pé òǹkọ̀wé méjèèjì mọ ara wọn, n kò sì sọ pé ọ̀kan kọ́ lára èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá kà wọ́n pọ̀, ìyàtọ̀ kan máa ń hàn sí mi tí ó jẹ́ kí n túbọ̀ mọ ohun tí ọdún 1911 ṣe fún Tolkien.

Fún Fágúnwà, inú igbó ni ewu wà. Igbó ni ó mọ̀ láti kékeré ní Òkè-Igbó, igbó ni iwin àti ẹbọra ń gbé, igbó ni Agbákò ti ń pàdé ọdẹ. Òkè ni ibi tí èrò ń lọ, ibi tí ọgbọ́n wà, ibi tí Ìrágbèje ti jókòó tí ó ń fi ìtàn kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá dé orí òkè ti bọ́ nínú ìyọnu, etí gbígbọ́ ni ó kù. Nínú ti Tolkien, òkè sábà máa ń jẹ́ ohun tí ó dènà. Nígbà tí Frodo, akọni The Lord of the Rings, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gba orí òkè Caradhras kọjá, òjò dídì àti ìjì lé wọn padà, ó sì dà bí ẹni pé òkè náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ̀ wọ́n, kì í ṣe ọ̀tá kan tí ó fara pamọ́ sórí rẹ̀. Wọ́n wá gba abẹ́ rẹ̀, inú Moria, ibẹ̀ sì burú ju orí rẹ̀ lọ. Òkè yẹn ní ọkàn tirẹ̀, kò bìkítà bóyá rere tàbí búburú ni ìdí ìrìn wọn. Mo gbà pé ẹni tí òkúta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní ẹ̀bá Aletsch, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jù ú, ni ó lè kọ irú òkè bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé Mọ́kọlá, bí o bá ń to ìwé àkàtúnkà, fi Ìrìnkèrindò sí ẹ̀gbẹ́ ti MacDonald, kí o sì kà wọ́n tẹ̀ léra. Iwin pọ̀ nínú méjèèjì, ìwọ yóò sì rí bí ilẹ̀ tí ènìyàn dàgbà sí ṣe ń yan ibi tí iwin rẹ̀ yóò máa gbé.

Àbẹ̀kẹ́ tí ó wà ní Bern:

Ọmọ Ọdẹ, ẹ ṣeun gan-an, n kò ronú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Òǹkàwé Mọ́kọlá, ọ̀nà wà fún ọ. Láti Geneva, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Interlaken, kí o sì gba ibẹ̀ dé Lauterbrunnen. Ọkọ̀ orí okùn kan wà níbẹ̀ tí yóò gbé ọ gòkè lọ sí Grütschalp, àwọn ìgòkè tí ó le jù yóò sì ti kọjá nípa bẹ́ẹ̀. Láti Grütschalp, fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mürren. Ọ̀nà náà kò ga lọ títí, ó ń gba inú igbó àti pápá koríko lọ, ẹni tí ó ti gun àtẹ̀gùn Ìdànrè kò ní bẹ̀rù rẹ̀. Mürren wà ní nǹkan bíi mítà 1,640 sókè, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sì í wọ inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Tolkien fi rìn ní tirẹ̀, ẹrù ni ó gbé gun ibẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí nígbà tí ó dé orí rẹ̀ ni ìwọ náà yóò rí: Eiger, Mönch àti Jungfrau ní òdì kejì àfonífojì, Silberhorn sì ń yọ lára Jungfrau ní ṣóńṣó funfun, ó ga tó nǹkan bíi mítà 3,695.

Má ṣe lọ ní ìgbà òtútù bí o bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó dára jù, òwúrọ̀ sì dára ju ọ̀sán lọ nítorí pé ìkùukùu a máa bo àwọn òkè náà bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Mú aṣọ òtútù àti aṣọ òjò lọ́wọ́, kódà bí oòrùn bá ń ràn ní Geneva, kí o sì wọ bàtà tí abẹ́ rẹ̀ nípọn. Nígbà tí o bá ti mọ oṣù tí ìwọ yóò dé, kọ ọ́ síbí, n óò sì sọ fún ọ bóyá ọ̀nà Kleine Scheidegg yóò ti bọ́ lọ́wọ́ òjò dídì, kí o lè fi kún ìrìn rẹ.